Kòkúmọ́ àti Ẹ̀rọ Ẹlẹ́nu Méjì

Bí rédíò ẹnikẹ́ni bá yadi ní Ìlaròó ní nǹkan bí ọdún 1988, ọ̀dọ̀ Kòkúmọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ayétòrò ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, kò sì ka mítà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń wọn iná sí nǹkan kan. Etí ni òun fi ń ṣiṣẹ́. Yóò ki íapíìsì bọ etí òsì, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń di irin gbígbóná mú, kò sì fẹ́ kí okùn dí i lọ́wọ́. Sípíkà kan ṣoṣo ni rédíò tó ń tún ṣe ní. Etí kan sì tó fún un.

Iṣẹ́ olóṣù ló ń wù ú. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ní ẹ̀ka orin, Ọ̀gbẹ́ni Bánjí, olùkọ́ níbẹ̀, sì ti dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Ìdánwò kan ló kù: kí ó tún ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ohùn kan ṣe, èyí tí òyìnbó kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Pátákó irin pẹlẹbẹ ni wọ́n tò jọ sí i lára, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, okùn kúkúrú ni wọ́n sì fi ń so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ọ̀kan nínú wọn ló ń pín ohùn sí sípíkà méjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ẹlẹ́nu méjì: bí a bá yí kókó rẹ̀, ohùn yóò máa lọ sílẹ̀ lápá òsì, yóò sì máa gòkè lápá ọ̀tún, bí ẹni pé olórin ń rìn kọjá níwájú ẹni.

“Ẹ̀gbọ́n, àárín ni ìṣòro wà,” Bánjí ṣàlàyé. “Bó bá dé àárín, ṣe ló máa ń rì, bí ẹni pé ó jìn sí kòtò. Tó bá kọjá ibẹ̀, á tún padà sókè.”

“Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, Tíṣà. Ẹ̀yin kọ́ ìwé orin; èmi mọ ibi tí ohùn ń gbà kọjá.”

“Ẹ má tú u ká bí gààrí o! Irú rẹ̀ kò sí mọ́.” Bánjí rẹ́rìn-ín, ó sì wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn fún ìpàdé ọlọ́jọ́ díẹ̀.

Kòkúmọ́ jókòó sáàárín sípíkà méjèèjì nínú yàrá ẹ̀ka orin, ó yí kókó náà jẹ́jẹ́. Ohùn gbéra lápá òsì, ó dé àárín, ó rì. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọjá sí ọ̀tún, kò padà sókè. Ó jìnnà, bí ẹni ń kọrin nínú kànga tí wọ́n dé. Kòkúmọ́ mirí. Ó ní àárín kọ́ ni àìsàn wà. Gbogbo apá ọ̀tún ló ti kú, tíṣà ni kò gbọ́ ọ dáadáa.

Bí àwọn atún-rédíò-ṣe Ìlaròó ti ń ṣe ló ṣe: ohun tí wọ́n bá fura sí, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́; bí tuntun bá dún, a jẹ́ pé ti tẹ́lẹ̀ ló bàjẹ́. Ó ránṣẹ́ gba Ìdí-Ìrókò sí Kútọnu, wọ́n bá a ra áísì, kóró dúdú ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń darí ohùn. Nígbà tó fi irin gbígbóná yọ ti tẹ́lẹ̀, bàbà tín-ín-rín tó ń gbé iná kọjá lẹ́yìn pátákó náà bá a ṣí, ó ká bí èèpo ẹ̀pà. Ó ṣí níbì kan, ó ṣí níbòmíràn. Kòkúmọ́ fi wáyà dí wọn, ó fi irin gbígbóná jó wọn mọ́ra, ó tún wọn jó. Bó ti tan iná, èéfín díẹ̀ rú jáde, apá ọ̀tún sì dákẹ́ pátápátá.

Ẹ̀rù bà á. Ó wá rò ó pé bóyá sípíkà ló fà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan, ó so ó mọ́ sípíkà méjèèjì tààrà, láìgba inú ẹ̀rọ ńlá. Òsì ń dún ketekete. Ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Ó gbé ti ọ̀tún sí òsì, ó gbé ti òsì sí ọ̀tún. Èyí tó yadi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Èyí tó ń dún yadi. Ó pààrọ̀ wáyà. Bákan náà ni. Nígbà tí kò sí ohun tó kù láti pààrọ̀ mọ́, ó yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ìdákẹ́jẹ́ náà bá a yí: sípíkà tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló tún yadi.

Ibẹ̀ ni Mẹ̀dínátù, ìyàwó rẹ̀, bá a nígbà tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá.

“Ìyá Gbọ́lá, dúró síbẹ̀ yẹn. Èwo ló ń dún nínú méjèèjì?”

“Àwọn méjèèjì ni. Àbí ẹ fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ni?”

“Fetí sílẹ̀ dáadáa!”

“Wọ́n ń dún dọ́gba, Bàbá Gbọ́lá. Ariwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lórí.”

Kòkúmọ́ fi ìka di etí òsì, gbogbo yàrá náà sì lọ: orin, ìró fáànù, ìyàwó. Ẹnu Mẹ̀dínátù ń mì. Nígbà tó yọ ìka, ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló bá.

“... láti ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ ni mo ti ń pè yín láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn. Mo rò pé ìgbéraga ni. Àìmọye ìgbà ni mo ti bínú sùn.”

Dókítà tí wọ́n lọ bá ní Abẹ́òkúta yẹ etí ọ̀tún náà wò, ó ní ohun tó kú nínú rẹ̀ kò ní oògùn.

Bánjí dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Ẹ̀gbọ́n! Mo ti sọ fún ọ̀gá pé ẹ ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ti ń dún, àbí?”

“Mo ti bà á jẹ́, Tíṣà. Kò sí ohun tó ṣe apá ọ̀tún kí n tó fọwọ́ kàn án. Etí mi ló kú.”

Bánjí fọwọ́ tọ́ àwọn wáyà tó lọ́ mọ́ra lórí pátákó náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Àárín tí mo ní kẹ́ ẹ wò ńkọ́?”

“Òsì nìkan ni mò ń gbọ́. N kò mọ ibi tí àárín wà mọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹlẹ́nu méjì ni gbogbo ẹ̀rọ ẹ̀ka wa.”

“Mo mọ̀.”

“Wọn yóò wá ẹlòmíràn.”

“Kí wọ́n wá a.”

Kòkúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Bánjí tún sọ nǹkan kan, bóyá ìdágbére ni, bóyá ìtùnú. Ọ̀tún ló dúró sí, Kòkúmọ́ kò sì bi í pé kí ló wí.