Òyìnbó Tó Sun Igbó Tán Tó Wá Ń Wá Labalábá

Ojú ò tiẹ̀ ti òyìnbó oko òwú yìí rárá!

Àárọ̀ yìí ló gbé àwọ̀n wá sí etí odò wa, lọ́nà ìlú Kamina. Labalábá ló fẹ́ mú ránṣẹ́ sílùú wọn. Ó wọ̀tún wòsì, kò rí ẹyọ kan.

Ó ní kí ògbufọ̀ bi mí pé, "Ìyá, níbo làwọn labalábá ibí yìí lọ?"

Mo ní, "Lóṣù tó kọjá, ẹ ní ká ṣán igbó yìí. A bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dá àwọn igi olódòdó sí, ẹ ní pàǹtí ni, ẹ dáná sun ún. Ṣé eérú ni kí labalábá wá máa mu?"

Ojo ni ògbufọ̀ yẹn. Ó yíjú sí òyìnbó, ó fi Faransé sọ pé, "Mùsé, ó ní òjò ni wọ́n ń sá fún."

Ó gbàgbé pé mo gbọ́ Faransé díẹ̀ nígbà tí mo ń fọṣọ fáwọn Fadá. Mo yáa sọ ọ́ fúnra mi: "Mùsé, ẹ̀yin lẹ sun ilé wọn."

Ojú ẹ̀ pọ́n bí ata. Síbẹ̀, ó tún ń bi mí bóyá irú igbó bẹ́ẹ̀ ṣì kù níbòmíì.

Mo ní kò sí.

Ó wà. Gbogbo wa la mọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí lẹ máa sọ fún un?