Ta Ni Yóò Pàṣẹ Lórí Pápá Nunhead

Inú ti ń bí Àsúmáù kí ó tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Nunhead, ní London, lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni tíì ṣẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Iṣẹ́ fóònù ló ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń tún ẹ̀rọ ìgbóná inú ilé ṣe. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, èébú àwọn tí òtútù ń pa ló ń wọ̀ ọ́ létí, kò sì gbọdọ̀ fèsì ju "I do understand" lọ. Ó ń gbé gbogbo ẹ̀ mì. Orí pápá bọ́ọ̀lù nìkan ni ó ti ń rí àyè pariwo.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó gùn gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù. Ti àwọn obìnrin Nunhead kò ní ìkọlura nínú. Ribọ́ọ̀nù ni olúkúlùkù máa ń so mọ́ ìbàdí, bí wọ́n bá sì ti fa ribọ́ọ̀nù ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dání yọ, eré dúró níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ àti àwọn ìyá ní mọ́ṣáláṣí fi gbà kí ìyàwó àti ọmọ wọn wá, pẹ̀lú ìborùn lórí àti ṣòkòtò gígùn nídìí. Àsúmáù ló lọ ń bẹ̀ wọ́n láti ilé dé ilé, láti Peckham títí dé Kennington. Òun ló ń fọ jẹ́sì, òun ló ń bá àwọn tó ni pápá jà, òun ló ń ya ibi tí olúkúlùkù máa sá sí sórí pátákó. Orúkọ tí wọ́n sì fún un fún gbogbo wàhálà yìí ni igbákejì kóòṣì.

Nígbà tí Èyítáyọ̀ tó jẹ́ kóòṣì àgbà bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Leeds, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Àsúmáù ló kàn. Àsúmáù pàápàá ti ń múra sílẹ̀. Àfi bí ó ṣe gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ń pe ẹlòmíràn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú òun, pé ẹni náà sì ni Bọ̀dá Ọlábọ̀wálé. Ẹ gbọ́ ná. Bọ̀dá Ọlábọ̀wálé, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwa bọ́ọ̀sì, tó kàn máa ń gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti mu tíì inú fìláàsì ẹ̀. Yóò máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń wo bọ́ọ̀lù yìí lórí tẹlifíṣọ̀n. Wíwò náà ni gbogbo ohun tó mọ̀ nínú ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ọ̀hún kò ju ẹni méjì lọ. Alájì Yaqub ni alága, àgbàlagbà tí gbogbo mọ́ṣáláṣí ń bọ̀wọ̀ fún. Ìkejì ni Mummy Morónkẹ́, tó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London láyé àtijọ́, tó sì dé ipò mátírọ́ọ̀nù kí ó tó fẹ̀yìn tì. Pálọ̀ Alájì ní Nunhead ni wọ́n ti ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Àsúmáù jókòó sí ìkángun àga, Bọ̀dá Ọlábọ̀wálé fara ti ìrọ̀rí ní tirẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ara ẹ̀.

"Àsúmáù, ọmọ dáadáa ni ẹ́," Alájì bẹ̀rẹ̀. "Gbogbo wa la mọ effort ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyálé ilé tó jù ẹ́ lọ wà nínú team yẹn. Tí o bá ní kí wọ́n sáré, tí wọn ò sáré ńkọ́? Bọ̀dá yìí, àgbà ni wọ́n. Tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, everybody máa dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àsúmáù lára. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó bí ọmọ mẹ́ta, òun ni wọ́n ń pè ní ọmọdé yìí.

"Alájì, sà, ẹ má bínú o," ó ní. "Lórí field, kò sẹ́ni tó ń wo age. Ẹni tó mọ ohun tó yẹ ká ṣe ló yẹ kó sọ̀rọ̀, kí àwọn tó kù sì gbọ́. Bó kéré ni o, bó dàgbà ni o."

Alájì mi orí, ó wo àjà. Mummy Morónkẹ́ ló dá sí i. "Alájì, interview la pè wọ́n fún, ẹ jẹ́ ká ṣe interview. Draft ń bọ̀ ní Saturday ní Deptford, kọ́tábáàkì la sì ń wá. Kí àwọn méjèèjì lọ wo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n wá sọ ẹni tó yẹ ká mú fún wa, and why. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá mọ́gbọ́n dání, òun ni kóòṣì àgbà."

Báyìí ni wọ́n ṣe fẹnu kò sí i. Inú Àsúmáù rọ̀ díẹ̀, nítorí pé Mummy Morónkẹ́ ti fi ojú sọ fún un pé ẹ̀yìn rẹ̀ lòun wà. Bó bá jẹ́ ti yíyan kọ́tábáàkì ni, ta ni Ọlábọ̀wálé níwájú òun? Kọ́tábáàkì ni ẹni tí bọ́ọ̀lù ń tọwọ́ ẹ̀ jáde. Òun ló ń wo ibi tó ṣí sílẹ̀, òun ló ń pàṣẹ ibi tí àwọn tó kù máa sá sí, òun ló máa ju bọ́ọ̀lù náà bá wọn níbẹ̀ kí ọ̀tá tó wá fa ribọ́ọ̀nù ẹ̀ yọ. Bí kọ́tábáàkì kò bá dáa, àwọn tó kù kàn ń sá kiri lásán ni. Draft tí Mummy ń wí náà ni ọjọ́ tí líìgì máa ń kó àwọn ọmọbìnrin tuntun jọ kí àwọn ẹgbẹ́ wò wọ́n, kí wọ́n sì pín wọn mú lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ́ tó gbẹ́yìn lọ́dún tó kọjá ni yóò sì kọ́kọ́ mú. Nunhead ló gbẹ́yìn. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń bí Àsúmáù nínú.

Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní ní Deptford lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tó yẹ kó wá gba bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ tuntun kò pé, ni obìnrin òyìnbó tó ń darí ètò bá ní kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ bọ́ sórí pápá, kí wọ́n máa sáré gba bọ́ọ̀lù. Ó lẹ bébà pélébé mọ́ olúkúlùkù láyà. Orúkọ lásán ló kọ sí i. Kò sí Mrs, kò sí Aunty. Bọ̀dá Ọlábọ̀wálé náà gba tiẹ̀, ó fa ṣòkòtò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kọ́tábáàkì méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ń jẹ́ Déọlá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ó ṣe rí Àsúmáù, inú ẹrẹ̀ yẹn ló kúnlẹ̀ sí. "Ẹ káàárọ̀, Ma. Ẹ kú òtútù." Inú Àsúmáù dùn dé ọrùn. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Déọlá, ó ké sí wọn pé, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sápá òsì! Uncle, ẹ̀yin, ẹ dákun…" Wọ́n ti fa ribọ́ọ̀nù ẹ̀ yọ. Wọ́n tún ṣe é, wọ́n tún fà á yọ. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó rí jù, Àsúmáù ti kọjá ibẹ̀ kí ó tó balẹ̀.

Nusaybah ló tẹ̀lé e, ọmọ ogún ọdún, tó ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane. Híjáàbù dúdú ló wọ̀, tó ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bọ inú ọrùn jẹ́sì. "You alright?" ló fi kí àgbà, ó sì mi orí bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó wo bébà àyà gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ ẹ̀.

"Àsúmáù! Òsì, òsì, go! Ọlábọ̀wálé, dúró níbẹ̀! Àsúmáù, yà!"

Àsúmáù yà, bọ́ọ̀lù sì ti wà láyà rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun la ọwọ́. Wọ́n tún ṣe é, bọ́ọ̀lù tún bá a níbi tó dúró sí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ Bọ̀dá Ọlábọ̀wálé ló bọ́ sí. Àwọn tó dúró lẹ́bàá pápá pàtẹ́wọ́. Àsúmáù ò gbọ́ àtẹ́wọ́. Orúkọ ara ẹ̀ ló ń gbọ́, ketekete lẹ́nu ọmọ tí òun lè bí, láìní Aunty níwájú, láìní ohunkóhun lẹ́yìn. Etí rẹ̀ gbóná. Ó rìn lọ bá ọmọ náà.

"Ìwọ, kí lo pè mí?"

Nusaybah wò ó, ó tún wo bébà àyà ẹ̀. "Àsúmáù. It's on your sticker, innit? Aunty, no disrespect o. Tí mo bá ní 'Aunty, ẹ jọ̀ọ́', wọ́n á ti catch mi."

Àsúmáù yí ẹ̀yìn sí i. Ó fa bébà náà ya kúrò láyà, ó rún un mọ́wọ́. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà bọ̀ wá sí Peckham, Bọ̀dá Ọlábọ̀wálé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ mùsítáàṣì. Ẹ̀rín yẹn tún wá dá kún un. Àgbà tí ọmọdé ń pàṣẹ fún bí ẹrú, tó tún ń rẹ́rìn-ín, àgbà wo nìyẹn? Ó kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi bọ́ọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà sí pálọ̀ Alájì. Àsúmáù ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà mọ́jú, ó dá a lójú bí orúkọ ẹ̀.

"Déọlá la máa mú," ó ní. "Ọwọ́ ẹ̀ ò tíì yá, mo máa kọ́ ọ. Nusaybah mọ̀ ọ́n jù ú lọ, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò mọ àgbà. Ó ń pè mí lórúkọ, ó ń pariwo lé mi lórí. Alájì, sà, ẹ wò ó. Àwọn ìyálé ilé wà nínú team. Tí a bá fi ọmọ kékeré lé wọn lórí, ta ló máa gbọ́ tiẹ̀? Kí n wo ojú wọn, kí n ní ẹni yìí ni kó máa pàṣẹ fún yín? Never. Bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó, kó lọ dúró ná. Kó dàgbà."

Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ ọ́ débi pé Alájì gbé ife tíì ẹ̀ kalẹ̀ kí ó lè gbọ́ ọ yé.

"Èmi, Nusaybah ni mo mú," Bọ̀dá Ọlábọ̀wálé ní. "Ó pè mí lórúkọ lóòótọ́, kò dùn mọ́ mi, I won't lie. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti gbéra kí n tó rántí pé orúnkún ń dùn mí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wo bọ́ọ̀lù yìí, ọwọ́ mi ò kàn án rí. Àná ni mo mú un."

Mummy Morónkẹ́ kọjú sí Àsúmáù. "Bọ́ọ̀lù tí Nusaybah jù sí ẹ, ṣé o mú un?"

"Mo mú un, Ma."

"Ti Déọlá ńkọ́?"

"Kò dé ọ̀dọ̀ mi."

Alájì Yaqub gbé ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn lórí itan. Kò sí ìyangàn lójú ẹ̀. Àánú ló wà níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì burú.

"Ọmọ mi, o ṣé," ó ní. "Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ tí kò fi ní dùn ẹ́. O ti bá mi sọ ọ́. Bó ti wù kéèyàn mọ̀ ọ́n tó, kó lọ dúró ná, kó dàgbà. Bọ̀dá ni kóòṣì àgbà. Kóòṣì àgbà ló sì ń yan kọ́tábáàkì, so Nusaybah náà ti wọlé. Ìwọ ni wàá máa kọ́ ọmọ náà."

Àsúmáù nà ró lórí àga. Ó fẹ́ sọ pé ìrẹ́jẹ ni. Ó fẹ́ sọ pé ọjọ́ orí kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kí wọ́n gbé e fún. Ó yíjú sí Mummy Morónkẹ́ kí ìyá náà bá òun gbè é lẹ́sẹ̀.

Mummy Morónkẹ́ ti ń pa báàgì ẹ̀ dé. "Mo ti ṣetán láti gbèjà ẹ, Àsúmáù," ó ní. "Kí ni kí n wá sọ báyìí?"

Àsúmáù la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè fi gba ara ẹ̀ sílẹ̀ ló wà lórí ahọ́n ẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní í gbè lẹ́yìn Nusaybah, ọmọ tí òun fúnra ẹ̀ ní kó lọ dúró kó dàgbà.