Fọ́dà Bàbá Àgbà tí mo rò pé ó ti di méjì

Ẹ gbà mí o!

Láàárọ̀ yìí, Bùọ̀dá Káyọ̀dé tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa n'Ídòó fi sọ́fúwíà kan sórí kọ̀ǹpútà wa ògbólógbòó, kó lè rọrùn láti máa wá fáìlì. Ó pín ojú kọ̀ǹpútà sí méjì, àwọn fọ́dà wà lọ́tùn-ún, wọ́n tún wà lósì.

Nígbà tí Bùọ̀dá lọ tán, mo rí "Ìtàn Ìdílé" lápá méjèèjì. Mo ní wọ́n ti dà á kọ ni, ó kàn ń gbàyè lásán. Mo pa tọ̀tún rẹ́.

Tòsì náà pòórá lójú mi!

Ẹnu Bàbá Àgbà ni mo ti kọ ìtàn yẹn sílẹ̀. Oṣù tó kọjá ni wọ́n kú.

Mo pe Bùọ̀dá lórí fóònù.

"Fọ́dà kan ṣoṣo ni! Ojú fèrèsé méjì lo ti ń yọjú wò ó. Ṣé kò bi ọ́ kó tó pa á rẹ́ ni?"

"Ó bi mí, sà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n ní: "Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Òmù ni mo wà, mo ń padà bọ̀."

Ibi tí mo káwọ́ lérí sí ni ìyá mi ti wọlé wẹ́rẹ́.

"Ibi tí Bàbá mi ti dárúkọ mi nínú ìtàn yẹn, bá mi tẹ̀ ẹ́ síwèé. Mo fẹ́ máa kà á."

Wọ́n ti fa àga, wọ́n jókòó tì mí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí n sọ fún wọn?