Mọ́tò Aṣọ́komásùn Bàbá Múrí

Inú gààrí Ìyá Sikírá, tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí, ni fìlà náà balẹ̀ sí. Ó figbe ta: "Ìyá Rédíò, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Èmi kọ́ o. Bàbá Múrí ni.

Láti ìgbà tí mo ti ń tún rédíò àti fáànù ṣe, n kò ní oníbàárà bíi Bàbá Múrí. Àgbẹ̀ ni, àmọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, nǹkan ìṣeré ló máa ń kàn. Nígbà tí ẹyẹ ẹ̀gà fẹ́ jẹ ọkà bàbà rẹ̀ tán, ó gbẹ́ aṣọ́komásùn, ère onígi tí à ń rì mọ́lẹ̀ láti lé ẹyẹ. Ó wọ dàńṣíkí ara rẹ̀ fún un, ó dé fìlà rẹ̀ sí i lórí, ó ní kí n fi mọ́tò, ẹ̀rọ kékeré tí iná bátìrì ń yí, sí i kí ó lè máa juwọ́. Ó sì ti fọ́nnu ní mọ́ṣáláṣí pé ẹyẹ kankan kò ní bà sí oko òun mọ́.

"Èyí tó ń sáré jù ni kóo fi sí i."

"Bàbá, eré ọ̀tọ̀, agbára ọ̀tọ̀. Ewúrẹ́ ń sáré, ṣé ẹ lè di iṣu lé e lẹ́yìn?"

"Ṣáà fi í sí i."

Bí mo ti so ó mọ́ bátìrì, apá ère yí fìrì, ó gbá fìlà orí ara rẹ̀ dànù. Ibi tó balẹ̀ sí lẹ ti gbọ́ yẹn.

Mo wá lọ ra mọ́tò wáípà, èyí tó ń nu òjò lójú gíláàsì ọkọ̀. Jíà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó yára, àmọ́ ọwọ́ lásán kò lè dá a dúró. Ó ku kọ̀ntírólà, àpótí oníkókó tí à ń yí láti fi dín eré mọ́tò kù. Èyí tó kéré jù ni Bàbá mú, ó ní ó rẹwà.

"Iná tí mọ́tò ń fà nígbà tí nǹkan bá dì í mú ni ká wò, Bàbá."

Kò gbà. Mo so ó mọ́ mọ́tò, Bàbá sì di apá ère mú gírígírí láti dán an wò. Èéfín sọ nínú kọ̀ntírólà.

"Ó tún ń mu sìgá ni?" Ìyá Sikírá béèrè.

Mo gbé èyí tó tóbi wá, tó ní irin tí ń tú ooru jáde. Bàbá di apá náà mú títí, kò jó.

Nígbà tí a gbé e dé oko, lẹ́bàá ọ̀nà Ìgbòho, ẹ̀gà ti bo ọkà. Bàbá yí kókó. Ọwọ́ gòkè, ọwọ́ sọ̀kalẹ̀, ni gbogbo wọn bá gbéra fẹ́ẹ́. Bàbá gbá mi lọ́wọ́ mú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó padà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ le koko.

"Ẹyẹ ò wá mọ́. Àwọn ọlọ́kadà ni ò jẹ́ n ráyè. Bí wọ́n bá ti rí i tó ń juwọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á ní, 'Bàbá, ibo lẹ ń lọ?'"

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́nà. Ni wọ́n bá lọ sọ fún ìyàwó mi pé mo ti ń gbéra ga, pé bí wọ́n bá kí mi lóko, n kì í wẹ̀yìn."

Rédíò tí mo ti tún ṣe pọ̀, fáànù kò lóǹkà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi tí aráyé ń kí, tí wọ́n tún ń bínú pé kò dá àwọn lóhùn, ẹyọ kan yẹn náà ni.