Àga Ludvik Dé Yunifásítì

Nígbà tí Ludvik Hrovatin àti Zofka, ìyàwó rẹ̀, ń kó kúrò ní Slovenia bọ̀ ní Melbourne, ìkòkò àti aṣọ òtútù làwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àga onígi kan tó ṣeé ká pọ̀ ni Ludvik gbé kọ́ èjìká ní tiẹ̀. Zofka bá a jà lórí omi títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wọ yàrá òfìfo tí wọ́n rí gbà, orí àga yẹn náà ló jókòó lé. Ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kò sọ fún Ludvik. Ọkùnrin tó gbé àga la òkun já, kí lèèyàn fẹ́ wí fún un?

Ludvik kú. Àga ò kú.

Ìgbà tó yá, yunifásítì kan nílùú náà pe àpérò lórí ìtàn, àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ará Slovenia. Darinka, ọmọ Zofka, ló lọ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ará Slovenia pé ìyá òun ní àga àtijọ́ kan tí wọ́n lè fi ṣàfihàn níbẹ̀. Kò pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Breznik, tó ń darí àpérò náà, fi kan ilẹ̀kùn Zofka pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. Ó gbé àga náà jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ àpérò, wọ́n gbé àga sórí pèpéle, wọ́n fi okùn yí i ká. Èèyàn kún gbọ̀ngàn, Zofka ò ríbi jókòó, bàtà tó wọ̀ sì há. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀, kò dákẹ́. Ó ní àga yìí ni ọkàn orílẹ̀-èdè kan tó mọ bí a ti í sinmi. Nígbà tí ẹsẹ̀ Zofka ò gbà á mọ́, ó gba abẹ́ okùn kọjá, ó jókòó.

"Màmá!" Ohùn kẹ́lẹ́ ni Darinka fi pariwo. "Ẹ dìde ńbẹ̀! Wọ́n fi í ṣàfihàn ni!"

"Mo ti ń fi í han ìdí mi kí wọ́n tó bí ẹ."

Àwọn èèyàn rò pé ara ètò ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì wa fẹ́ kí ẹ fi àga yìí sílẹ̀ títí láé. Mo mọ̀ pé ó nira. Ẹ lọ rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó. Ẹ máa gbé e lọ."

Obìnrin kan níwájú bú sẹ́kún nítorí ìfẹ́ ilẹ̀ baba.

"Ṣùgbọ́n kí ni màá máa jókòó lé tí mo bá ń bó ọ̀dùnkún?" Zofka bèèrè.

Wọ́n fún un ní ọ̀kan nínú àwọn àga onítìmùtìmù tó wà nínú gbọ̀ngàn. Darinka fi mọ́tò gbé e délé. Zofka jókòó nínú ilé ìdáná, ó fẹ̀yìn tì.

"Ṣé kò dùn yín, Màmá?"

"Ẹ̀yìn mi ni kò dùn mí mọ́. Àga burúkú gbáà ni."

"Ẹ̀yìn Bàbá ńkọ́? Ṣé kì í ro àwọn náà ni?"

"Bàbá ẹ? Kò jókòó lé e rí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń dúró sí. Ó ní bí mo ṣe ń jókòó síbẹ̀ wu òun."

Zofka dìde, ó gé potica, àkàrà òyìnbó ilẹ̀ Slovenia tí wọ́n gbé bọ̀ láti àpérò, ó sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.