Eyín Tí Bàbá Eléyín Rí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà fi ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí eyín wọn ti ká, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Eléyín. Nígbà tí dókítà tó ń bá ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, mùsíọ́ọ̀mù gbà á láti máa fi abẹ́rẹ́ yọ òkúta kúrò lára egungun ẹranko ayé àtijọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ kúrò nídìí eyín alààyè, ẹ bọ́ sídìí ti òkú."

"Òkú kì í kúkú ké pé ó ń dun òun," ló fi dá a lóhùn.

Lọ́dún kejì, wọ́n gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ dáínósọ̀ kan fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, ti kọ ọ́ sára àpótí pé ìran kan tó ń jẹ ewé ni, tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni Bàbá Eléyín fi họ ọ́. Nígbà tí eyín yọ, ó wò ó títí, ó lọ gbé àgbọ̀n ìran náà tó wà lórí pẹpẹ, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì pe Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ẹ má bínú, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn méjèèjì yìí ò jẹun bákan náà."

"Báwo, Bàbá?"

"Ti orí pẹpẹ yẹn, ńṣe ló ń gé ewé bíi sísọ́ọ̀sì. Tibí yìí, orí eyín rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lílọ̀ ló ń lọ̀ ọ́."

Ọdún mẹ́rin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi ń kọ̀wé nípa egungun yòókù tí wọ́n bá a wú jáde, pé ìran kan náà ni wọ́n. Ó jókòó ti egungun náà títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ni mo wá ń wò látọjọ́ yìí?"

"Egungun lẹ̀ ń wò. Eyín nìkan lèmi mọ̀."

Wọ́n kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ míì. Ọ̀kan kọ̀ jálẹ̀, ó ní bóyá ogbó ló jẹ́ kí eyín náà tẹ́. Bàbá Eléyín bá họ inú egungun àgbọ̀n náà, lábẹ́ eyín, wò. Eyín tí kò tíì hù jáde, tí kò tíì jẹ nǹkan kan rí, náà tẹ́ lórí. Onítọ̀hún gbà.

Bí ó ṣe di ìran tuntun nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ fi orúkọ Bàbá Eléyín sọ ọ́, ṣùgbọ́n bàbá kọ̀, kí wọ́n má baà rò pé òun ló ṣe eyín náà fún un. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí "ẹni tó ń lọ ewé."

Nígbà tí ìwé tí wọ́n fi kéde ìran tuntun náà jáde, orúkọ bàbá ló tẹ̀ lé ti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kà á fún ìyàwó rẹ̀ nílé ìdáná. Ìyẹn ò lóye ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kó tún un kà.