Ọṣẹ Tí Tántì Sè Kẹ́yìn

Ọjọ́ tí tántì mi, àbúrò ìyá mi tó ń se ọṣẹ ní Kétu, fi ọṣẹ tuntun wẹ apá òsì nìkan ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ wọ̀ mí lára. Ó ní, "Apá ọ̀tún ni ẹlẹ́rìí, òun ni màá fi wé apá òsì. Ẹlẹ́rìí kì í bá wọn jẹ níbẹ̀."

Ọjọ́ méje ló fi ń dán ọṣẹ kọ̀ọ̀kan wò. Ọjọ́ kẹta tó ń dán èyí tó sè kẹ́yìn wò ni ó kú. Mo ti ọṣẹ náà mọ́ inú àpótí, torí n kò fẹ́ kó tán. Mo ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀ Jímọ̀, ó sì ń dín kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọṣẹ kì í gbẹ ni, ìwọ ọ̀jọ̀gbọ́n ọlọ́ṣẹ?"

Ó máa ń gbẹ. Ṣùgbọ́n lónìí tí mo ṣí àpótí, ó tutù bí èyí tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wẹ̀, ó ń hó lọ́wọ́ mi, gíráàmù mọ́kànlélógójì ló kù.